Ká dín oúnjẹ kù ni, àbí ká máa rìn?

Tí nǹkan oṣù obìnrin bá ti dá pátápátá, ọ̀rá ara ló kù tó ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú estrogen rẹ̀, ìyẹn họ́mọ́ònù obìnrin. Bí ọ̀rá ṣe ń pọ̀ ni estrogen ń pọ̀, ìyẹn sì ń dá kún ewu jẹjẹrẹ ọmú.

Ní Seattle, l'Amẹ́ríkà, wọ́n fi ọdún kan tọpa obìnrin 439 tó ti sanra jù, tí nǹkan oṣù wọn ti dá. Àwọn tó dín oúnjẹ kù nìkan fọn ní 8.5% ìwọ̀n ara wọn, estradiol, estrogen tó lágbára jù, sì wálẹ̀ ní nǹkan bí 16% lára wọn. Àwọn tó ń ṣe eré ìdárayá nìkan, ìṣẹ́jú 45 lọ́jọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀, fọn ní 2.4% péré, estradiol tiwọn wálẹ̀ ní 5%.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tìtorí èyí jù bàtà ìrìn nù o! Oúnjẹ dídínkù nìkan máa ń jẹ iṣan mọ́ ọ̀rá. Ìyá tó ti ń fọwọ́ ti orúnkún kó tó lè dìde lórí àpótí, ibo ló ti fẹ́ rí iṣan tó máa pàdánù? Àwọn tó pa méjèèjì pọ̀ ló jèrè jù: estradiol wọn wálẹ̀ ní 20%. Ṣùgbọ́n tó bá di dandan kí n fi ọ̀kan ṣíwájú, òkèlè alẹ́ ni màá kọ́kọ́ dín kù.