Ti Inú Ọ̀rá àbí Ti Ìgò Ìyá Àgbà?

Irúgbìn àgbàdo inú ọ̀rá tí à ń rà ní Kabba máa ń so dáadáa, mi ò ní purọ́. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ hàíbírídì, ìyẹn èyí tí wọ́n fi oríṣi àgbàdo méjì bí, èyí tó o bá tọ́jú tó o tún gbìn kì í jọ ìyá rẹ̀ mọ́. Ọdọọdún lo máa rà.

Níbi tí àwọn ológbà ti pàdé láti jẹun kí wọ́n sì pín irúgbìn, ìyá àgbà kan bu ẹ̀wà fún mi látinú ìgò tó ti po eérú mọ́ ọn. “Má gbìn ín síbi tómi ń dúró sí o.” Ta ló kọ ìyẹn sára ọ̀rá? Ṣùgbọ́n kó o ṣọ́ra fún kòkòrò nínú rẹ̀: dà á sómi, kó o yọ èyí tó léfòó dànù. Ẹ̀wà ti ìyá àgbà ni mo yàn.