Oṣù méje pẹ̀lú sẹ́ńsọ̀ inú síìlìn ní ṣọ́ọ̀bù mi

Ẹni tó bá ti wọ ilé tí wọ́n ti ń ta àdìrẹ ní Ìtòkú, l'Ábẹ́òkúta, á mọ irú ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí mò ń sọ: ó gùn, ó há, kò ní fèrèsé, òkùnkùn biribiri lọ́sàn-án gangan. Gílóòbù mẹ́rin oníwáàtì 15 ló wà níbẹ̀. Àárọ̀ kùtù la ti ń tàn wọ́n, ó di alẹ́ ká tó pa wọ́n. Mo pariwo "Ẹ pa iná!" títí ó fi sú mi. Àwọn ọmọ iṣẹ́ á ní, "Ẹ má bínú, mà," wọ́n á sì tún gbàgbé. Nígbà tí mo jókòó ṣírò rẹ̀, wákàtí 14 lójúmọ́ ń jẹ nǹkan bíi yúnìtì 25 lóṣù. Yúnìtì kan sì ti lé ní 200 náírà fún àwa tó wà ní Band A, ìyẹn àwọn tó yẹ kí wọ́n máa rí iná fún ó kéré tán wákàtí 20 lójúmọ́.

Ọmọkùnrin tó ń bá mi ṣe wáyà ló ní, "Màmá, ẹ jẹ́ ká fi sẹ́ńsọ̀ sí i," ìyẹn ẹ̀rọ kékeré tó ń tan iná fúnra rẹ̀ bí èèyàn bá wọlé, tó sì ń pa á. Mẹ́ta ni mo rà, 6,500 náírà ọ̀kọ̀ọ̀kan: ti ọ̀dẹ̀dẹ̀, ti sítọ̀, àti ti yàrá tí àwọn ọmọ ti ń rán àdìrẹ alábẹ́rẹ́. Ó funfun, ó rí roboto bí ọmọrí ìkòkò kékeré. Ẹ ka ara páálí kí ẹ tó sanwó o. Ìwọ̀n iná tó lè gbé tí wọ́n kọ sára tèmi ni wáàtì 1,200 fún gílóòbù àtijọ́, 300 péré fún LED. Ó tún fẹ́ wáyà neutral (wáyà tí iná ń gbà padà), èyí tí kò sí nídìí súìṣì wa, ìyẹn ló jẹ́ kí iṣẹ́ náà gba odidi ọjọ́ kan.

Ti ọ̀dẹ̀dẹ̀ dùn mọ́ mi nínú. Bí èèyàn bá ti wọlé, iná á tàn. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú méjì tó bá ti kọjá, á kú. Mo fojú bù ú, kò ju wákàtí mẹ́ta lọ lójúmọ́ mọ́. Ṣùgbọ́n bí iná bá lọ tó sì dé, gbogbo rẹ̀ á tàn fún bí ìdajì ìṣẹ́jú láìsí ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Lálẹ́ àkọ́kọ́, àyà mi já, mo ṣebí olè ni.

Yàrá ìránṣọ ni wàhálà wà. Sẹ́ńsọ̀ yìí kì í ríran. Ooru ara tó ń rìn ló ń mọ̀. Ẹni tó bá jókòó jẹ́ẹ́ tó ń fi ìko rán aṣọ, tó jẹ́ ìka nìkan ló ń mì, kò sí níbẹ̀ lójú tirẹ̀. Iná á kú, ọmọ mẹ́ta á bẹ̀rẹ̀ sí ju ọwọ́ sókè. Oníbàárà kan bi mí bóyá àdúrà là ń gbà. A yí àkókò rẹ̀ dé ìpẹ̀kun, kò yí padà. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, mo ní kí wọ́n yọ ọ́, ká dá súìṣì padà.

Ti sítọ̀ dára, àfi nínú oṣù Kẹta. Abẹ́ páànù ni sítọ̀ wa, ooru ibẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ bá ti ara èèyàn dọ́gba, nítorí náà kò mọ ìyàtọ̀ mọ́. Mo ní láti rìn dé abẹ́ rẹ̀ gan-an kó tó tàn. Òjò rọ̀, ó sì gbọ́ràn padà.

Èyí tí a yọ ṣì wà nínú páálí. Àbúrò mi ní Ìbarà ń tọrọ rẹ̀ fún ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wọn. Mo bi í pé báwo ni ọkọ rẹ̀ ṣe ń pẹ́ tó níbẹ̀.