Linux Mint lórí láptọ́ọ̀pù àtijọ́: bó ṣe ń ṣe fún mi ní ṣọ́ọ̀bù

Iṣẹ́ táípù, ìtẹ̀wé àti fọ́tókọ́pì ni mò ń ṣe ní Kubwa, Àbújá, níbi tí àwọn agùnbánirọ̀ ti máa ń ya wọlé bí àgọ́ wọn bá ti ṣí. Àwọn láptọ́ọ̀pù mi ti dàgbà. RAM 4GB ni wọ́n ní, wọn ò sì ní TPM 2.0, ẹ̀yà ààbò inú ẹ̀rọ tí Windows 11 ń béèrè. Nígbà tí Microsoft kéde pé àtìlẹ́yìn Windows 10 máa parí ní ọjọ́ 14, oṣù kẹwàá, ọdún 2025, mo lọ béèrè iye tòkúnbọ̀ ní Emab Plaza ní Wuse 2. Owó tí wọ́n pè kì í ṣe owó tí fọ́tókọ́pì ewé kọ̀ọ̀kan lè tètè san. Linux Mint, ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà bíi Windows, ni mo bá gbé sórí àwọn tó wà nílẹ̀, ẹ̀dà Xfce, èyí tó fúyẹ́ jù nínú mẹ́ta tí wọ́n ń gbé jáde. Mi ò san kọ́bọ̀ fún un.

Dátà nìkan ló ná mi lówó, fáìlì náà fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 3GB. Tẹ́ ẹ bá ti kọ ọ́ sórí fláàṣì, ẹ lè tan kọ̀ǹpútà láti orí fláàṣì yẹn, kí ẹ gbọ́ bóyá ohùn ń jáde, kí ẹ wò bóyá Wi-Fi ń mú, kí ẹ so ẹ̀rọ ìtẹ̀wé mọ́ ọn, láìfọwọ́ kan ohunkóhun tó wà nínú ẹ̀rọ yín. Ẹ má fo ibẹ̀ yẹn o.

Ibi tó ti gbà mí jù ni ọ̀rọ̀ fláàṣì àwọn oníbàárà. Ẹni tó bá ń ṣe irú iṣẹ́ yìí mọ fáírọ́ọ̀sì tó ń sọ gbogbo fódà di shortcut. Á fi fódà gidi pamọ́, á gbé ayédèrú sípò rẹ̀. Ẹni tó bá tẹ ayédèrú yẹn lórí Windows ti ṣílẹ̀kùn fún un nìyẹn. Láti ara fláàṣì kan ló ti máa ń bọ́ sínú ẹ̀rọ, á tún gba inú ẹ̀rọ bọ́ sínú ti ẹlòmíràn. Lórí Mint, fáìlì lásán ni, kò rí nǹkan kan ṣe. Fódà tó fi pamọ́ á sì hàn gbangba, torí Linux kì í ka àmì ìpamọ́ tí Windows ń fi sára fáìlì orí fláàṣì sí. Ọmọbìnrin agùnbánirọ̀ kan láti Ìkìrun gbé tiẹ̀ wá, ojú ẹ̀ ti pọ́n. Wọ́n ti sọ fún un níbòmíràn pé kó lọ fọ́ọ̀màtì ẹ̀. Mo ki fláàṣì bọ ẹ̀gbẹ́ láptọ́ọ̀pù, mo yí ojú ẹ̀rọ sí i.

"Ẹ̀gbọ́n, próójẹ́ẹ̀tì mi rèé! Ẹ wò ó, gbogbo ẹ̀ ló wà níbẹ̀!"

Mo pa àwọn ayédèrú yẹn rẹ́, mo tẹ ìwé ẹ̀ fún un. Ẹ rí i pé ẹ pa wọ́n rẹ́, torí tẹ́ ẹ bá fi wọ́n sílẹ̀, Windows tí wọ́n bá tún ki fláàṣì náà bọ̀ ló máa jìyà ẹ̀.

LibreOffice, tó ń ṣe iṣẹ́ Word àti Excel, ti wà nínú Mint látilẹ̀. Tí kò bá rí Times New Roman, á fi Liberation Serif rọ́pò, àyè tí lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ń gbà sì bá ara mu, nítorí náà ìwé lásán kì í yẹ̀ lójú ewé. CV tó kún fún tábìlì ni wàhálà. PDF ni mo máa ń ní kí wọ́n fi ránṣẹ́. Excel tí wọ́n fi macro (àṣẹ tó ń dá ṣiṣẹ́ nínú fáìlì) ṣe láti ọ́fíìsì, ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé e. Bátìrì àwọn ẹ̀rọ mi ti kú, tí wọ́n bá mú iná, gbogbo ẹ̀ ló ń kú pọ̀. Mo yí AutoRecovery, tó ń fi iṣẹ́ pamọ́ fúnra rẹ̀, láti ìṣẹ́jú 10 sí 2, ìlà díẹ̀ ni mo sì máa ń tún tẹ̀ tí jẹnẹrétọ̀ bá dún.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ jìnnà sílé bíi tèmi, ẹ gbọ́ eléyìí dáadáa. Ìwé ètò ìsìnkú àti ìkómọjáde Yorùbá pọ̀ lọ́wọ́ mi, ó sì máa ń dùn mí tí wọ́n bá tẹ orúkọ òkú àgbà láìní àmì kankan. Nínú Keyboard, lábẹ́ Layout, ẹ wá Nigeria: Yorùbá, Haúsá àti Ìgbò wà níbẹ̀. Fún ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, Compose, bọ́tìnnì tó ń so àmì mọ́ lẹ́tà, yá lọ́wọ́ mi jù: mo fi Alt ọwọ́ ọ̀tún ṣe é. Mo tẹ̀ ẹ́, mo tẹ àmì ìyanu (!), mo tẹ e, ẹ ló jáde. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ àti ṣ. Ọmọ iṣẹ́ mi tó jẹ́ Haúsá ń tẹ ɓ, ɗ àti ƙ lórí tiwọn.

Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kan ṣiṣẹ́ lójú ẹsẹ̀. Èkejì ń tẹ̀wé, scanner rẹ̀ kọ̀ jálẹ̀, torí àwọn tó ṣe é ò ṣe driver Linux (ètò tó ń jẹ́ kí kọ̀ǹpútà lè lo ẹ̀rọ) fún un. Mo ṣì ń fi fóònù ya ìwé.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń fi CorelDRAW ṣe báńnà, mi ò ní tàn yín: kò sí ti Linux. Inkscape, ètò ayàwòrán tó wà fún Linux, ń ṣí àwọn fáìlì CorelDRAW (CDR) kan, àmọ́ lẹ́tà lè dà rú. Ẹ fi ẹ̀rọ kan sílẹ̀ fún Windows. Ẹni tó jẹ́ pé táípù, íńtánẹ́ẹ̀tì àti ìtẹ̀wé ni tiẹ̀, tó sì ní láptọ́ọ̀pù 64-bit kan tó fẹ́ jù nù, kó gbé Mint 22 sí i. Títí di ọdún 2029 ni wọ́n ṣì máa fi máa ṣàtúnṣe rẹ̀.