Progesterone àtìsójú-ara: ohun tí ojú mi rí fún ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ èyí tó ń bí mi nínú: oògùn yìí, tí wọ́n fi èròjà ara tó ń gbé oyún ró ṣe, tí à ń tì sí ojú ara, ń yọ́. Ọ̀rá ni wọ́n fi pò ó, ó rí bí ọta ìbọn kékeré. Bí NEPA bá ti mú iná lọ lọ́sàn-án Ìbàdàn, ó di omi nínú ìdì rẹ̀ nìyẹn. Inú kúlà oníyìnyín ni mo ń kó tèmi sí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹja ọkọ mi.

Oyún ọ̀sẹ̀ méje ni nígbà tí mo rí ẹ̀jẹ̀. Àyà mi já, torí ọ̀kan ti bàjẹ́ mọ́ mi lára léṣìí. Ìyá ọkọ mi ti ń wá àgádágodo tí wọn yóò fi bá mi de oyún. Dókítà ṣe sikáànù, ó fi ọkàn ọmọ tó ń lù hàn mí, ó yẹ ẹnu ilé ọmọ wò, ó ní ó ṣì pa dé. Progesterone 400mg ló kọ: ọ̀kan láàárọ̀, ọ̀kan lálẹ́, títí oyún yóò fi pé ọ̀sẹ̀ 16.

Mo bi í bóyá yóò ṣiṣẹ́. Kò tàn mí. Ó ní nínú ìwádìí kan tó jáde ní 2019, tí wọ́n fi obìnrin 4,153 ṣe ní Ìlú Ọba, kò fi bẹ́ẹ̀ sí ìyàtọ̀ lápapọ̀. Àwọn tí oyún ti bàjẹ́ mọ́ lára lẹ́ẹ̀mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ló wúlò fún jù: 72 nínú ọgọ́rùn-ún bí ọmọ láàyè, nígbà tí àwọn tí wọ́n fún ní èyí tó jọ ọ́ àmọ́ tí kò sí oògùn nínú rẹ̀ jẹ́ 57. Fún irú èmi, àǹfààní rẹ̀ kéré, àmọ́ mo gbà á bẹ́ẹ̀. Ó tún ní kí n má wulẹ̀ dùbúlẹ̀ kalẹ̀ látàárọ̀ ṣúlẹ̀, pé ìyẹn kì í dá oyún dúró. Mo padà síbi iṣẹ́ mi.

Ẹ ra páàdì o. Ọ̀rá yẹn á máa jò, ẹ óò sì máa sáré lọ wò ó lójoojúmọ́ bóyá ẹ̀jẹ̀ ni. Tó bá funfun, mo á mí kanlẹ̀. Oorun tó ń gbé wá náà, ẹ má bi mí.

Kẹ́míìsì kan fẹ́ ta á fún àbúrò mi láìsí sikáànù. Mo fa ọwọ́ rẹ̀ jáde: bó bá jẹ́ pé ìta ilé ọmọ loyún dúró sí ńkọ́?

Ẹ̀jẹ̀ tèmi dá ní ọ̀sẹ̀ kẹsàn-án oyún. Ìràwọ̀ mẹ́rin ni mo fún un. Páálí kan ṣì kù nínú kúlà. Ọkọ mi ní kí n wá gbé e kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹja òun.