Ètò tó ń ka pílánì ilé: iṣẹ́ tó mọ̀ ọ́n ṣe, àti iṣẹ́ tó ń gbà lọ́wọ́ àwọn ọmọ wa

Láàárín àwa agbaṣẹ́ṣe tí a ń kọ́lé ní Ìbàdàn àti Èkó, ọ̀pọ̀ ló ti ń béèrè nípa ètò orí kọ̀ǹpútà tó ń fi ọgbọ́n àtọwọ́dá ka pílánì ilé, tó sì ń ṣírò iye búlọ́ọ̀kù, sìmẹ́ǹtì, irin àti páànù tí ilé náà yóò gbà. Mo ti ń lo ọ̀kan nínú wọn lẹ́nu iṣẹ́ mi, lórí ilé ilẹ̀ oníyàrá mẹ́ta àti lórí ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. N kò ní dárúkọ ilé-iṣẹ́ tó ń tà á, nítorí pé ẹni tó bá fẹ́ ra irú ètò bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni ni mo ń bá sọ̀rọ̀. Ìdájọ́ mi ni pé ohun èlò náà dára, ó sì tó owó tí wọ́n ń gbà lé e, àmọ́ iṣẹ́ tó ń gbà lọ́wọ́ èèyàn kọ́ ni iṣẹ́ tí gbogbo ayé ń bẹ̀rù pé yóò gbà, ọ̀rọ̀ yìí sì ká mi lára gidigidi.

Lílò rẹ̀ kò ṣòro. Ẹ ó fi fáìlì pílánì ránṣẹ́ sí i, ẹ ó sọ ìwọ̀n tí wọ́n fi yà á fún un, yálà 1:100 tàbí 1:50, yóò sì fi àwọ̀ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ kun ògiri, ilẹ̀kùn, fèrèsé àti yàrá kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn náà ni yóò wọn gígùn ògiri, yóò fi gíga rẹ̀ sọ ọ́ di mítà onígun mẹ́rin, yóò yọ àyè ilẹ̀kùn àti fèrèsé kúrò, yóò wá to iye ohun èlò sílẹ̀ ní ìlà-ìlà gẹ́gẹ́ bí ìwé BoQ (àkọsílẹ̀ iye ohun èlò àti iṣẹ́) tí QS, ìyẹn ẹni tó ń ṣírò ohun èlò àti owó ilé, máa ń kọ. Bí onílé bá yí ọkàn padà, tó ní kí a fa yàrá ìgbàlejò gùn sí i, àṣẹ kan ṣoṣo ni ẹ ó fún ètò náà, yóò sì tún gbogbo ìṣirò ṣe láti òkè dé ilẹ̀. Iṣẹ́ tí ọmọ iṣẹ́ QS máa ń jókòó tì láti òwúrọ̀ di ìrọ̀lẹ́ ni ètò yìí ń parí láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Àǹfààní ńlá ni èyí jẹ́ fún agbaṣẹ́ṣe kékeré tí kò lágbára láti gba QS sí ọ́fíìsì rẹ̀ títí ọdún.

Pílánì tí ayàwòrán ilé yà lórí kọ̀ǹpútà, tó sì fi fáìlì rẹ̀ ránṣẹ́ ní tààrà, ètò náà ń kà á bí ẹni ń ka ààbídí. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ pílánì tó ń tẹ̀ wá lọ́wọ́ kì í rí bẹ́ẹ̀. Fọ́tò orí WhatsApp ni, tí wọ́n yà láti ara ìwé tí wọ́n ti ká sí mẹ́rin, tí ọwọ́ àti òógùn ti kọjá lórí rẹ̀, tí wọ́n sì tẹ́ sórí bọ́nẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ kí wọ́n tó yà á. Fọ́tò tí a yà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan máa ń sún ìlà jọ ní apá kan, á sì na apá kejì, nítorí náà ìwọ̀n rẹ̀ kò ṣeé gbára lé mọ́. Ohun tí mo kórìíra nínú ètò náà ni pé kì í sọ pé òun kò rí i kà dáadáa. Nọ́ńbà ni yóò mú jáde, pẹ̀lú ìdánilójú kan náà tó fi ń mú nọ́ńbà tó péye jáde.

Àléébù tó tún ju ìyẹn lọ wà nínú ìwọ̀n búlọ́ọ̀kù. Búlọ́ọ̀kù ínṣì mẹ́sàn-án tiwa gùn ní mìlímítà 450, ó sì ga ní mìlímítà 225, nítorí náà nǹkan bí 10 ló ń gba mítà onígun mẹ́rin kan. Bí ètò náà ṣe ti ọwọ́ àwọn tó ṣe é wá, búlọ́ọ̀kù 400 sí 200 tí wọ́n ń lò ní ọ̀pọ̀ ilẹ̀ òkèèrè ló fi ń ṣírò, tí 12.5 nínú rẹ̀ ń gba mítà onígun mẹ́rin kan. Ẹ wo ohun tí ìyàtọ̀ yìí ń ṣe. Bí ojú ògiri ilé kan bá jẹ́ mítà onígun mẹ́rin 150 lẹ́yìn tí a ti yọ ilẹ̀kùn àti fèrèsé, 1,500 búlọ́ọ̀kù ni a nílò, kí a tó fi ti èyí tó máa fọ́ kún un. Ètò náà yóò kọ 1,875. Ẹni tó bá fi ìwé yẹn lọ san owó fún oníbúlọ́ọ̀kù yóò rí i nígbà tí ògiri bá dé orí láńtẹ̀lì (kọnkéré orí ilẹ̀kùn àti fèrèsé) pé 375 búlọ́ọ̀kù ti di òkìtì sẹ́yìn ilé, owó tó sì yẹ kó ra irin dẹ́kìn (kọnkéré àjà òkè) ti wà nínú òkìtì náà.

Bákan náà ni ọ̀rọ̀ rí pẹ̀lú sìmẹ́ǹtì. Àpò tiwa jẹ́ kílò 50, ṣùgbọ́n àpò tí wọ́n ń lò ní Amẹ́ríkà jẹ́ pọ́ùn 94, èyí tí kò tó kílò 43. Bí a bá fẹ́ da kọnkéré tó nípọn ní mìlímítà 150 sórí ilẹ̀ tó jẹ́ mítà onígun mẹ́rin 100, mítà kúbíìkì 15 ni kọnkéré náà. Bí a bá fi kílò sìmẹ́ǹtì 320 sí mítà kúbíìkì kọ̀ọ̀kan, àpò 96 ni tiwa, àmọ́ 113 ni ti Amẹ́ríkà. Ààyè wà nínú ètò náà láti yí ìwọ̀n méjèèjì padà, kò sì gba àkókò, ṣùgbọ́n ẹni tó ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ nìkan ni yóò mọ̀ pé ó yẹ kí òun yí i padà.

Ọjà wa náà tún ní tirẹ̀. Búlọ́ọ̀kù tí wọ́n pè ní ínṣì mẹ́sàn-án kì í pé ní gbogbo ìgbà, irin tí wọ́n pè ní mìlímítà 16 lè máà tó o, gígùn rẹ̀ sì lè dín sí mítà 12 tó yẹ kó jẹ́. Ohun tí wọ́n kọ sórí ìwé ni ètò náà gbà gbọ́. Fóòmánì tó mọṣẹ́ ni yóò fi tépù wọn búlọ́ọ̀kù mélòó kan kí wọ́n tó já wọn sílẹ̀ nínú ọkọ̀. Ètò náà kò sì lè rí abẹ́ ilẹ̀: ìpìlẹ̀ tó tọ́ sí ilẹ̀ alápàáta ní Ìbàdàn yàtọ̀ pátápátá sí èyí tó tọ́ sí ilẹ̀ omi ní Lẹ́kkí.

Nítorí náà, mo bẹ gbogbo ẹni tó bá fẹ́ lò ó pé kí ó má ṣe jẹ́ kó ju ìṣirò ohun èlò lọ. Ètò náà ń dáhùn bí èèyàn bá bi í pé irin mélòó ni kí òun fi sí òpó, ṣùgbọ́n ìbéèrè ẹnjiníà tí COREN, àjọ tó ń fún àwọn ẹnjiníà ní ìwé àṣẹ, mọ̀ ni ìyẹn. Ẹ rántí ohun tí ilé tó bá wó lè ṣe. Ilé alájà 21 tó wó ní òpópónà Gerrard ní Ìkòyí, ní ọjọ́ kìíní oṣù kọkànlá ọdún 2021, pa èèyàn tó lé ní 40, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló sì jẹ́ òṣìṣẹ́ tó wà lẹ́nu iṣẹ́ òòjọ́ wọn.

Mo wá dé orí ọ̀rọ̀ iṣẹ́. Ohun tí àwọn èèyàn máa ń bi mí ni pé ṣé ẹ̀rọ kò ní gba iṣẹ́ lọ́wọ́ bíríkìlà báyìí. Wọ́n ti rí fídíò ẹ̀rọ SAM, tí ilé-iṣẹ́ Construction Robotics ní ìpínlẹ̀ New York ṣe láti máa to bíríkì, àti ti Hadrian X, tí ilé-iṣẹ́ FBR ní ìlú Perth ní Ọsirélíà gbé sórí ọkọ̀ ńlá, tó ń fi ohun ìlẹ̀mọ́ pàtàkì kan to búlọ́ọ̀kù dípò mọ́tà. Ẹ̀rọ gidi ni wọ́n. Ṣùgbọ́n SAM kò dá ṣiṣẹ́: èèyàn kan ló ń kó bíríkì àti mọ́tà fún un, bíríkìlà gidi ló sì ń tún ojú mọ́tà ṣe lẹ́yìn rẹ̀, tó tún ń mọ igun àti ibi tó ṣòro. Owó iṣẹ́ bíríkìlà wọ́n púpọ̀ ní ilẹ̀ wọ̀nyẹn, àwọn ọ̀dọ́ tó ń wọ iṣẹ́ náà sì kéré. Lọ́dọ̀ wa, àwọn tó ń wá iṣẹ́ náà pọ̀, kódà ọ̀pọ̀ ọ̀gá oníplásítà àti àwọn tó ń lẹ táìlì ní Èkó ló ti orílẹ̀-èdè Benin àti Tógò wá. Ẹ̀rọ tó nílò ilẹ̀ títẹ́jú, iná tí kì í lọ, àti búlọ́ọ̀kù tí gbogbo rẹ̀ dọ́gba kò lè tètè dé ẹ̀gbẹ́ bíríkìlà wa.

Àwọn tí iṣẹ́ ń bọ́ lọ́wọ́ wọn ni àwọn ọmọ tó ń jókòó sí ọ́fíìsì pẹ̀lú pílánì, rúlà àti ẹ̀rọ ìṣirò. Láti ọdún 1973 tí ètò SIWES, tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fi ń kọ́ṣẹ́ lẹ́nu iṣẹ́, ti bẹ̀rẹ̀ lábẹ́ ITF, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ òṣìṣẹ́, ọ̀dọ̀ àwọn agbaṣẹ́ṣe àti àwọn ọ́fíìsì QS ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Poli ti ń wá kọ́ iṣẹ́ yìí: oṣù mẹ́rin nígbà tí wọ́n ṣì ń ka ND, àti nǹkan bí ọdún kan kí wọ́n tó padà lọ ka HND. Ohun tí a kọ́kọ́ máa ń gbé lé wọn lọ́wọ́ ni kíka ilẹ̀kùn, kíka fèrèsé àti wíwọn ògiri. Owó tí a ń fún wọn kò tó nǹkan, ṣùgbọ́n ibẹ̀ ni ojú ọmọ ti ń là. Ibẹ̀ ló ti ń mọ̀ pé ògiri tó wà lábẹ́ ilẹ̀ náà ń jẹ búlọ́ọ̀kù, pé ibi tí láńtẹ̀lì gbà kì í ṣe ti búlọ́ọ̀kù, pé ìwọ̀n tó wà lórí ojú ewé kan lè tako ti ojú ewé kejì. Bí ọ̀gá bá ti ra ètò yìí, ọmọ iṣẹ́ yẹn ló kọ́kọ́ máa ń sọ fún pé kò sí àyè mọ́. Ta ni yóò wá wo 1,875 lójú ní ọdún mẹ́wàá sí i, tí yóò mọ̀ pé 1,500 ló yẹ kó wà níbẹ̀? Ọwọ́ àwọn tó ti fi ọwọ́ ara wọn ka búlọ́ọ̀kù ni ètò yìí ti wúlò, àwa kan náà sì ni a ń ti ilẹ̀kùn mọ́ àwọn tó yẹ kó tẹ̀lé wa.

Ní sáìtì, mo rí ire àti ibi. Iye búlọ́ọ̀kù tí bíríkìlà bá tò ni ọ̀pọ̀ onílé fi ń san owó fún un, àríyànjiyàn kì í sì í tán ní alẹ́ Sátidé. Bí a bá tọ́ ìwọ̀n rẹ̀ sọ́nà, ètò náà ń sọ iye tó wọ inú ògiri kọ̀ọ̀kan, bíríkìlà sì ń gba owó rẹ̀ pé. Ṣùgbọ́n onílé kan lè fi nọ́ńbà tí kò tọ́ pe òṣìṣẹ́ ní olè, kí ó ní búlọ́ọ̀kù 375 ti sọnù nígbà tí wọn kò fìgbà kan wà rí. Alágbàṣe tí kò ní ìwé kankan lọ́wọ́ kò ní ohun tí yóò fi gbèjà ara rẹ̀ níwájú ẹ̀rọ.

Dọ́là ni wọ́n fi ń gba owó tí à ń san lóṣooṣù lórí ètò náà, nítorí náà ó ti wọ́n sí i ní náírà láti oṣù kẹfà ọdún 2023 tí Báńkì Àpapọ̀ ti fi iye náírà sílẹ̀ fún ọjà láti pinnu; ẹni tó ń kọ́ ilé kan lọ́dún kò nílò rẹ̀. Kí ó gba QS. Ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ pọ̀ ni mo gbà níyànjú pé kí ó rà á. Kí ó tó gbé pílánì kankan sí i, kí ó yí ìwọ̀n búlọ́ọ̀kù sí 450 sí 225, kí ó yí àpò sìmẹ́ǹtì sí kílò 50, kí ó sì kọ̀ láti fi fọ́tò WhatsApp ṣiṣẹ́. Kí ó má ṣe lé akẹ́kọ̀ọ́ SIWES lọ. Èmi ń jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ́kọ́ fi ọwọ́ ka ilé náà, lẹ́yìn náà ni a ó ṣí ètò, a ó gbé ìwé méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, ibi tí wọn kò bá ti bára mu ni a ó jọ wá ìdí rẹ̀ kí a tó ra ohunkóhun.