Ọdún mẹ́fà lẹ́yìn tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ sí ọrùn ọwọ́ mi

Ọwọ́ ọ̀tún ni mo fi ń gé aṣọ. Òun náà ni mo nà sílẹ̀ kí n má bàa fojú lulẹ̀ nígbà tí ọ̀kadà dà mí nù ní Kubwa lọ́dún 2019. (Láti 2006 ni wọ́n ti lé ọ̀kadà kúrò ní àárín gbùngbùn Àbújá, àmọ́ lọ́dọ̀ tiwa, òun la ṣì ń gùn.) Egungun ọrùn ọwọ́ náà fọ́ wọnú oríkèé. Àǹtí mi ní kí n lọ sọ́dọ̀ atoegungun. Dókítà ní bí ojú egungun inú oríkèé bá fi nǹkan bíi mílímítà 2 ga ju ara wọn lọ, kèrékèré tó bo orí egungun ibẹ̀ á máa jẹ díẹ̀díẹ̀, làkúrègbé á sì wọ̀ ọ́. Mo gbà kí wọ́n là á. Irin pẹlẹbẹ kan àti ìṣó méje ni wọ́n fi tò ó.

Iṣẹ́ abẹ yẹn dáa. Èyí tó tẹ̀ lé e ló dùn mí. Wọ́n yọ okùn, wọ́n ní kí n máa lọ, ẹnì kankan ò dárúkọ físíò, ìyẹn ìdárayá tí wọ́n fi ń mú kí ọwọ́ tó gan padà máa yí. Oṣù mẹ́ta ni ọwọ́ mi fi gan: mi ò lè yí àtẹ́lẹwọ́ sókè gba ṣéńjì lọ́jà, owó á kàn máa já bọ́.

Ìyá Ìbejì, aládùúgbò mi, ló mú mi lọ bá onífísíò kan, obìnrin Hausa. Á gbé òòlù lé mi lọ́wọ́, á ní kí n yí i sọ́tùn-ún, kí n yí i sósì. Bí omijé bá ń bọ́ lójú mi, á ní, “Sannu, Màmá,” kò sì ní gba òòlù náà. Oṣù márùn-ún la fi ṣe é. Obìnrin yẹn ló dá ọwọ́ mi padà fún mi, Ọlọ́run á san án fún un.

Lóṣù tó kọjá, X-ray fi hàn pé àlàfo inú oríkèé ti ń fún, àmì pé kèrékèré ibẹ̀ ti ń jẹ. Àyà mi já. Dókítà ní ohun tí X-ray ń fi hàn àti bí ọwọ́ ṣe ń ro èèyàn kì í fìgbà gbogbo dọ́gba, ó wá bi mí ohun tí mo ń fi í ṣe. Mo ń gé aṣọ láàárọ̀ dalẹ́. Mo ń rokà, àfi bí ìkòkò bá tóbi. Lásìkò ọyẹ́, omi lílọ́wọ́ọ́rọ́ ni mo kọ́kọ́ ń ki í bọ̀. Lórí ìrun, mi ò lè tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ náà pẹrẹsẹ bí mo bá forí kanlẹ̀. Ẹ̀ṣẹ́ ni mo fi ń dúró.

Kí ẹ tó fọwọ́ síwèé iṣẹ́ abẹ, ẹ bi wọ́n ta ni yóò ṣe físíò fún yín, ọjọ́ wo ni yóò bẹ̀rẹ̀. Bí àtàǹpàkò bá sì ń ro yín tàbí tó ṣòro tẹ̀, ẹ tètè padà lọ, torí irin lè ha iṣan tó ń tẹ àtàǹpàkò títí á fi já. Irin tèmi ṣì wà nínú ọwọ́ mi, kò tíì yọ mí lẹ́nu.