Bàtà tó yẹ òkè Sábẹ̀ àti etí odò Ouémé: àtẹ́lẹ̀ rẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ wò

Tí ẹnì kan bá ń múra àtigun òkè ìlú Sábẹ̀, ní orílẹ̀-èdè Benin, ohun tó sábà máa ń kọ́kọ́ béèrè ni bóyá bàtà tó ga dé ọrùn ẹsẹ̀ ló yẹ kó rà. Ìbéèrè náà kò burú, àmọ́ òun kọ́ ló yẹ kó ṣáájú. Àtẹ́lẹ̀ bàtà ló ń kan ilẹ̀. Bí àtẹ́lẹ̀ bá le gbagidi, tàbí tí fóòmù inú rẹ̀ ti kú, bàtà tó ga dé orókún pàápàá kò lè gbani lọ́wọ́ ìṣubú. Ìdí nìyí tí a fi yẹ oríṣi mẹ́rin tó wọ́pọ̀ lọ́jà wa wò láti ìsàlẹ̀ lọ sókè: bàtà rọ́bà onífèrèsé, bàtà táyà, bàtà òkè tòkunbọ̀, àti bàtà sísá eléyín.

Ilẹ̀ tí bàtà máa bá pàdé ní Sábẹ̀ kì í ṣe oríṣi kan. Àwọn òkè ńlá ìlú náà, tí àwọn elédè Faransé ń pè ní Mamelles de Savè, àpáta gíráníìtì ni wọ́n. Ojú wọn rí ṣákiṣàki, rọ́bà tó rọ̀ sì máa ń dì í mú dáadáa nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Àmọ́ àpáta yìí máa ń bó ní ìpele ìpele bí èèpo àlùbọ́sà, èèpo tó ti bó tí kò tíì já bọ́ sì lè yọ̀ pẹ̀lú ẹni tó bá tẹ̀ ẹ́. Ẹ fi ẹsẹ̀ kan dán an wò kí ẹ tó gbé gbogbo ara lé e. Níbi tí omi òjò ti máa ń ṣàn kọjá lójú àpáta, ẹ máa rí ìlà dúdú gbọọrọ láti òkè dé ìsàlẹ̀. Nǹkan bí ewédò ló lẹ̀ mọ́ ibẹ̀. Bó bá gbẹ, kò sí wàhálà. Bó bá tutù, ó ń yọ̀ ju ọṣẹ lọ, kò sì sí èyíkéyìí nínú bàtà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tó lè dúró lórí rẹ̀. Ẹ yà fún un, kódà bí ọ̀nà bá gùn sí i.

Yangí ló wà nísàlẹ̀. Òkúta rẹ̀ kéékèèké tó rí róbótó máa ń tò sórí ilẹ̀ líle, wọ́n sì ń yí lábẹ́ bàtà bí ọmọ ayò. Ibẹ̀ ni ẹsẹ̀ ti ń yẹ̀ jù nígbà tí a bá ń sọ̀ kalẹ̀, torí pé ọkàn ti balẹ̀ pé àpáta ti tán. Tí ẹ bá wá gba ọ̀nà oko lọ síhà odò Ouémé, lápá ìwọ̀ oòrùn ìlú, ebè iṣu àti koríko ló kù, àti ẹrẹ̀ tí ìgbà òjò bá dé.

Bàtà rọ́bà onífèrèsé, èyí tí àwọn ọmọdé fi ń lọ sódò, ni kí a kọ́kọ́ mú kúrò nílẹ̀. Ó pọ́ọ́kú, omi ń jáde nínú rẹ̀ lójú ẹsẹ̀, kì í jẹrà. Fún etí odò, a fọwọ́ sí i. Fún àpáta, rárá o: rọ́bà rẹ̀ le, ó sì ń dán bí ó ti ń gbó, ẹsẹ̀ tó làágùn náà sì máa ń yọ̀ nínú rẹ̀. Iyanrìn tó bá gba ojú fèrèsé wọlé ń họ awọ ẹsẹ̀. Oòrùn ń mú kí ó gan, tó bá sì ti gan, ẹ̀gbẹ́ ìdè rẹ̀ ló kọ́kọ́ ń já. Ọ̀bẹ gbígbóná lè jó ojú ibi tó já pọ̀, ṣùgbọ́n irú ìsopọ̀ bẹ́ẹ̀ kò tọ́ sí ibi tí ìṣubú ti léwu. Sílípáàsì olókùn láàárín ìka kò yẹ ní kí a sọ̀rọ̀ lé e lórí: kò di gìgísẹ̀ mú, àgbà tó ń gun òkè kò sì gbọdọ̀ wọ̀ ọ́.

Bàtà táyà, tí àwọn darandaran Fúlàní ń wọ̀, sàn jù bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣe rò lọ. Ẹ̀gún kì í gún un yọ, orí yangí ni ó sì ti dára jù lọ. Ẹ wá èyí tí okùn rẹ̀ gba ẹ̀yìn gìgísẹ̀, tí wọ́n rán mọ́ táyà, tí wọn kò kàn án ní ìṣó lásán; ìṣó máa ń yọ orí sínú bàtà lẹ́yìn ìrìn gígùn. Àléébù rẹ̀ ni pé rọ́bà táyà le, tí àpáta bá ti tutù díẹ̀ kì í dì í mú. Ẹsẹ̀ tún wà ní ìhòòhò nínú koríko, níbi tí paramọ́lẹ̀ lè sùn sí, wèrèpè náà sì wà níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ wá di ti bàtà òkè tòkunbọ̀. Òun ni ojú ń wọ̀ jù, òun náà ló sì ń dójú tini jù. Yúróòpù ni púpọ̀ nínú wọn ti ń wá, wọ́n ń gba Kútọnu wọlé, ọjà Missèbo sì ni orúkọ rẹ̀ hàn jù fún àlòkù. Òǹtajà máa ń fi àmì aláwọ̀ ìyeyè lábẹ́ bàtà hàn yín, èyí tí wọ́n kọ Vibram sí. Orúkọ rere ni. Vitale Bramani, ará Ítálì, ló gbé àtẹ́lẹ̀ rọ́bà eléyín náà jáde ní 1937, lẹ́yìn tí mẹ́fà nínú àwọn tí wọ́n jọ ń gun òkè kú lórí Alps ní 1935. Ṣùgbọ́n rọ́bà tó ń kan ilẹ̀ nìkan ni àmì yẹn ń sọ̀rọ̀ rẹ̀. Fóòmù tó wà láàárín rọ́bà àti awọ, kò sọ nǹkan kan nípa rẹ̀, ibẹ̀ gan-an sì ni jàǹbá wà.

Nínú ọ̀pọ̀ bàtà òkè, polyurethane ni fóòmù náà. Ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ ló ń jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀, ooru sì ń mú kí jíjẹ náà yára. Láti bí ọdún 5 sí 10 lẹ́yìn tí wọ́n ti ṣe é, ó lè fọ́ wẹ́wẹ́ bí àkàrà tó ti gbẹ. Àìwọ̀ kò gbà á là. Bàtà tó jókòó sínú àpótí fún ọdún mẹ́jọ, tí awọ rẹ̀ ṣì ń dán, tí eyín rẹ̀ kò jẹ rárá, lè tú àtẹ́lẹ̀ sílẹ̀ ní wákàtí àkọ́kọ́ lórí òkè. Nítorí náà, tí bàtà tòkunbọ̀ bá rí tuntun jù, ẹ túbọ̀ fura sí i.

Kí ẹ tó sanwó, ẹ wo inú ahọ́n bàtà. Lára lébẹ́ẹ̀lì kékeré ibẹ̀, ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ máa ń tẹ oṣù àti ọdún tí wọ́n ṣe é. Ẹ fi èékánná àtàǹpàkò tẹ ẹ̀gbẹ́ fóòmù: tí ojú èékánná bá dúró síbẹ̀ tí kò padà, tàbí tí ó lẹ̀ mọ́ ọwọ́, tàbí tí ìyẹ̀fun jáde, ẹ gbé e padà sórí àtẹ. Lẹ́yìn náà, ẹ di iwájú àti ẹ̀yìn bàtà mú, kí ẹ tẹ̀ ẹ́ dáadáa ní ìgbà mẹ́wàá. Òǹtajà lè bínú, ẹ bẹ̀ ẹ́, ṣùgbọ́n ẹ tẹ̀ ẹ́. Ẹ tẹ́tí bóyá ó ń ró wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, kí ẹ sì wo ibi tí rọ́bà ti pàdé awọ ní iwájú, torí ibẹ̀ ni ó máa ń kọ́kọ́ là. Tí ẹ bá rí gọ́ọ̀mù tuntun tó ṣàn jáde níbẹ̀, ẹnì kan ti lẹ̀ ẹ́ kí ó lè tà á ni. Gọ́ọ̀mù kò lè mú fóòmù tó ti fọ́ dúró. Kò sí ohun tó lè dì mọ́.

Àwọn bàtà yìí tún máa ń ní aṣọ tẹ́ẹ́rẹ́ kan nínú tó ń dí omi, Gore-Tex ló gbajúmọ̀ jù. Ní ibi tí òjò tútù ti ń rọ̀ sára èèyàn, ó wúlò. Ní Sábẹ̀, òógùn kì í rí ọ̀nà jáde bó ṣe yẹ, tí omi bá sì ti gba ẹnu bàtà wọlé, ibẹ̀ ni yóò dúró sí, ó lè gbà ju ọjọ́ kan kí ó tó gbẹ. Bí ẹ bá rí èyí tí kò ní in, òun ni kí ẹ mú.

Èyí tí a máa rà fún ara wa ni bàtà sísá eléyín, irú èyí tí wọ́n ṣe fún ìje inú igbó: ó kúrú, ó fúyẹ́, aṣọ onihò ni ara rẹ̀, eyín rẹ̀ jìn tó mílímítà 4 sí 5. Eyín yẹn ń mú yangí, rọ́bà rẹ̀ rọ̀ ju ti bàtà òkè lọ, ó sì ń mú àpáta gbígbẹ. Fóòmù EVA ló sábà máa ń wà nínú rẹ̀, ọ̀rinrin kì í sì í jẹ EVA bíi ti polyurethane. Ohun tó ń pa òun ni ìtẹ̀mọ́lẹ̀. Ẹ gbé bàtà sórí tábìlì, ẹ wò ó láti ẹ̀yìn: tí gìgísẹ̀ rẹ̀ bá fì sí ẹ̀gbẹ́ kan, tàbí tí fóòmù ti hun jọ bí awọ arúgbó, ó ti parí. Iwájú rẹ̀ ló tún ní àbùkù, nítorí àpáta ń fa aṣọ ibẹ̀ ya. Ẹ mú èyí tí wọ́n fi rọ́bà bo orí ìka rẹ̀.

Tí ó bá jẹ́ odò ni ẹ fẹ́ bá lọ, irú bàtà yìí náà ló yẹ. Ní àfonífojì Zion, ní ìpínlẹ̀ Utah ní Amẹ́ríkà, ọ̀nà kan wà tí wọ́n ń pè ní Narrows, tó jẹ́ pé inú odò Virgin fúnra rẹ̀ ni èèyàn ń rìn, ògiri òkúta sì ga lọ́tùn-ún lósì. Bàtà tí wọ́n ń yá àwọn àlejò níbẹ̀ kì í ṣe èyí tó ń dí omi, èyí tó ń jẹ́ kí omi jáde ni. Ọgbọ́n kan náà ló bá etí Ouémé mu nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ẹ má bọ́ bàtà kọjá lórí òkúta inú omi. Ẹ bọ́ ìbọ̀sẹ̀, kí ẹ wọ bàtà padà. Ní nǹkan bí oṣù kẹsàn-án tí odò bá kún, ẹ má wọ inú rẹ̀ rárá. Ibi tí omi ti dákẹ́ lè ní kòkòrò àrùn tó ń mú kí èèyàn máa tọ ẹ̀jẹ̀, nítorí náà ẹ má jókòó sínú omi níbẹ̀.

Ní ti ìwọ̀n, ìrọ̀lẹ́ ni kí ẹ wọn ẹsẹ̀, nígbà tó ti wú díẹ̀. Ẹ dúró lórí bébà, ẹ wọ̀n láti gìgísẹ̀ dé orí ìka tó gùn jù, ẹ fi sẹ̀ǹtímítà 1.5 kún un, kí ẹ sì sọ ọ́ di ìlọ́po 1.5. Ẹsẹ̀ tó jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 26 yóò fún yín ní 41.25, ẹ mú 42, torí pé ẹsẹ̀ máa ń sún síwájú tí a bá ń sọ̀ kalẹ̀. Bàtà tó ṣe wẹ́kú lọ́jà ni yóò pa èékánná dúdú. Ẹ gé èékánná náà ní ọjọ́ méjì ṣáájú. Tí ihò kan bá ṣẹ́kù lókè bàtà, ẹ ki okùn bọ̀ ọ́ ní ẹ̀gbẹ́ kan náà kí ó di ojóbó, ẹ gba okùn òdìkejì kọjá nínú rẹ̀, kí ẹ fà á. Gìgísẹ̀ kò ní gbéra mọ́. Orí òkè ni kí ẹ ti tún okùn dè, kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí sọ̀ kalẹ̀. Ìbọ̀sẹ̀ òwú máa ń mu òógùn, ó sì ń fa ìléròrò. Èyí tó ní ọ̀rá (náílọ́ọ̀nù) tàbí irun àgùntàn nínú ló dára.

Ohun kan wà tí kì í ṣe ti ọjà. Òkè Sábẹ̀ kì í ṣe pápá ìṣeré: ibi ọ̀wọ̀ ni, ibi ìsádi àwọn baba ńlá sì ni nígbà ogun. Ẹ gba ààyè lọ́wọ́ àwọn àgbà, ẹ mú ọmọ ìlú tó mọ ọ̀nà dání. Bí wọ́n bá ní kí ẹ bọ́ bàtà níbì kan, ẹ bọ́ ọ láìjiyàn.

Ẹ fi okùn ọ̀rá mítà 2 àti ọ̀já tíúbù kẹ̀kẹ́ méjì sínú àpò. Bí àtẹ́lẹ̀ bá tú, ẹ gba ọ̀já náà lábẹ́ àárín ẹsẹ̀, ẹ fi di ọrùn ẹsẹ̀, yóò gbé yín délé. Níbẹ̀, ẹ yọ ìtẹ́nú bàtà, ẹ ki ìwé ìròyìn bọ inú rẹ̀, ẹ gbé e síbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́. Ẹ má gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ iná tàbí sínú oòrùn ọ̀sán, nítorí gọ́ọ̀mù ń rọ̀ nínú ooru. Tí ilẹ̀ bá mọ́, ẹ gbọ̀n ọ́n dáadáa kí ẹ tó ki ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́. Àkeekèé fẹ́ràn ibi tó ṣókùnkùn bí inú bàtà.